Onígbàjámọ̀ Tó Bá Ìyàwó Rẹ̀ Ṣí Lọ

Ní ìlú tí wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mọ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé abẹ rẹ̀ a máa kọjá lórí ènìyàn bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe onígbàjámọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá gbé iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè é jókòó.

“Ṣé ìwọ náà máa kó tẹ̀ lé e ni? Ìyàwó ló ń tẹ̀ lé ọkọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fẹ́ obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà ló dìde yìí, a ò lè ní kó jókòó.”

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà, lókè kẹta ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Bí ẹnì kan bá ń wọṣọ, ẹnì kejì á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Mẹ́rin ní kò sáyè. Ẹni karùn-ún, ọkùnrin sísanra kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nawọ́ sí àga kan lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí.

“Ẹ jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò lè fipá mú oníbàárà wá bá yín o.”

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ níbí, olórí gan-an ni kò gbà kí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fọwọ́ kan òun. Ènìyàn mẹ́fà á tò sórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa dúró de ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, àga ẹ̀yìn á sì ṣófo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń gbá irun tí kì í ṣe òun ló gẹ ẹ́. Ó dùn ún wọra. Síbẹ̀, kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń bọ́ bàtà.

“Àwọn ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí wọ́n ti lé lóṣù kan lórí bẹ́ẹ̀dì,” ló wí. “Irùngbọ̀n wọn ti di igbó. Káfíńtà kan tó já bọ́ látorí òrùlé ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun wá wo òun mọ́, ojú ń ti òun.”

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń pọ́n abẹ.

Nígbà tó lọ tọrọ àyè láti wá fá a fún wọn, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní rárá, abẹ àjèjì ò gbọ́dọ̀ wọ wọ́ọ̀dù. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun á máa fi omi se irinṣẹ́ òun lójú wọn. Obìnrin náà tún ní rárá. Nígbà kẹta, ìkòkò ilé wọn ló gbé dání. Ọ̀gá wo ìkòkò, ó wo onígbàjámọ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan. Bí ẹ bá gé ẹnikẹ́ni, ẹ ò ní í wọbí mọ́.”

Káfíńtà yẹn ló kọ́kọ́ fá fún. Ọrùn bàbá náà kò ṣeé yí, nítorí náà Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀, òun ló ń fi orúnkún rìn yí bẹ́ẹ̀dì ká. Nígbà tó ṣe tán, bàbá fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

“Ẹ ti fá a tán? N ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?”

Ó júwe fún un. Ojú tì í díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí àga ẹ̀yìn, àmọ́ ó sọ ọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Sátidé tí bẹ́ǹṣì kún, káfíńtà fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù gbọn aṣọ fún un. Káfíńtà kí i, ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó lẹ́yìn.

“Onígbàjámọ̀ mi nìyí,” ló sọ fún gbogbo wọn.

Bí wọ́n ṣe fá a tán tó dìde báyìí, ẹnì kan ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó sórí àga ẹ̀yìn, ó tẹ orí síwájú.

Kó tó di òpin ọdún, ọlọ́ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló gbé àga náà wá síwájú, ó ní ẹ̀yìn ò gba èrò mọ́. Yàrá lókè kẹta ni tọkọtaya náà ṣì ń gbé. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣì ń lọ sí wọ́ọ̀dù ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó rẹ̀ sì ti rán tìmùtìmù kékeré kan fún un, èyí tó ń kúnlẹ̀ lé.