Àyè Kan, Èèyàn Méjì

Mi ò fẹ́ràn Salahudeen, mi ò sì ní díbọ́n. Òun ni ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì àárín ìgboro Ọ̀wọ̀, níbi tí èmi Abigail àti Afeezat ti ń kọ àṣẹ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Èkó, tó ń pín àyè ọkọ̀ òfúrufú fún àwọn tó ń lọ Mẹ́kà.

Afeezat, ọmọ télọ̀ ará Isuada, kì í pariwo. Òun ló fi àṣẹ kan sí i pé kí ẹ̀rọ tètè gbé orúkọ tó máa nílò sítòsí kó tó di pé ó wá a. Bí ẹni tó gbé ata àti epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó tó dáná ni. Àṣẹ yẹn kò yí nǹkan kan padà nínú orúkọ tàbí àyè.

Ti Salahudeen ni àṣẹ kejì: kí á gba àyè, kí á kọ orúkọ, kí méjèèjì parí pọ̀, àbí kí ìkankan má ṣẹlẹ̀. Bí ẹlòmíì bá fọwọ́ kan àyè náà kí méjèèjì tó parí, ẹ̀rọ á da gbogbo rẹ̀ nù. Ó wá yẹ kó ti àyè náà pa mọ́ ẹlòmíì, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ò kọ ìyẹn. Ó ní kí ẹ̀rọ ṣáà máa kọ orúkọ lọ. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Lọ́dún yìí, èèyàn méjì gba àyè kan ṣoṣo. Bàbá Afeezat wà lára wọn, òun sì ni wọ́n dá padà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí àtilọ Mẹ́kà.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí ọ̀gá nàka sí? "Afeezat, àṣẹ rẹ ló ń gbé orúkọ àtijọ́ wá. Kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ yọ tèmi kúrò, kẹ́ ẹ dán an wò lójú wa."

Ó yọ ọ́. A fi ẹgbẹ̀rún orúkọ du àyè kan lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn méjì tún gbà á. Ọ̀gá kò tọrọ àforíjì. Ó ní kí Afeezat lọ tún un ṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún un ṣe. Ọkọ̀ ti gbéra lọ́jọ́ kejì.

Mo bá a dé Isuada. Bàbá béèrè bóyá kọ̀ǹpútà náà ti dára. Afeezat ní ó ti dára.

Bàbá ní, "Alihamdulilahi. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

Afeezat bú sẹ́kún. Mi ò lè wojú bàbá. Mo ti ka iṣẹ́ Salahudeen lóṣù méjì ṣáájú, mo rí àṣìṣe náà, ẹ̀rù ọ̀gá bà mí, mo sì dákẹ́.