Wọ́n Ní Jabez Thirkell Kò Lẹ́nìkan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni Jabez Thirkell kú, nínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó aláìní sí ní àdúgbò wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Àìkú ni ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́.

Inú ọgbà kan náà ni Keziah ń gbé. Odi kan ló là wọ́n láàárín, torí òfin ilé náà ni pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ bá obìnrin gbé, ì báà jẹ́ tọkọtaya tó ti jọ darúgbó. Inú ilé àdúrà nìkan ni wọ́n ti ń rí ara wọn, lókèèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, Keziah wo ìjókòó àwọn ọkùnrin, kò rí i. Ó bi obìnrin tó ń bójú tó wọn léèrè.

"Thirkell? Ó ti kú, Màmá. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Ibo ni wọ́n sin ín sí?"

"Wọn ò sin ín. Wọ́n ní kò lẹ́nìkan tó máa gba òkú ẹ̀. Wọ́n ti gbé e fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, kí wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ara èèyàn."

Keziah kò sunkún. Ìdí okùn àtijọ́ tí wọ́n ní kó máa tú láti fi san oúnjẹ ilé náà ni mo bá a lọ́jọ́ kejì. "Ọwọ́ mi ṣì ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Mi ò mọ èyí tó kù." Ó yẹ kí inú bí mi. Ara mi kàn kú ni.

Ta wá ni ẹni tí kò lẹ́nìkan yìí? Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù máàpù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí bàbá mi àti èmi ti ń ra ìwé àti tàdáwà. Ó ń fín òpópónà ìlú yìí sára bàbà, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Keziah á jókòó sójú fèrèsé, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun odò àti pápá.

"Keziah, o tún ti jẹ́ kódò wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Thirkell. Àwọn tó wà níbẹ̀ nílò ìwẹ̀."

Fínfín bàbà ló gba ojú rẹ̀ níkẹyìn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ máàpù sì gba oníbàárà rẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù bá tì, tọkọtaya náà sì di ará ilé aláìní. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lára ògiri yàrá tí ìgbìmọ̀ àdúgbò ti ń pinnu ẹni tó máa wọ ilé aláìní? Máàpù Thirkell ni. Wọ́n fi ń mọ ọ̀nà ilé gbogbo wa. Ọ̀nà láti ilé àwọn ọkùnrin dé ilé àwọn obìnrin nìkan ni wọn kò mọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Prewett, ọ̀gá ilé náà.

"Òfin ni, sà. Tọ́jọ́ méjì bá kọjá, tẹ́nikẹ́ni ò wá béèrè òkú…"

"Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀kọ yín ló ń mu láràárọ̀."

"Kò béèrè."

Ṣé òkú ló yẹ kó ránṣẹ́ pè é ni?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ta ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi gbé òkú náà lọ? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ lọ gba ohun tó bá kù lára ọkùnrin yìí, kí aya rẹ̀ lè sin ín. Ọjọ́bọ̀ lẹ tún máa jókòó. Èmi yóò mú Keziah wá. Ẹ fún un lága, kí ẹ sì sọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà fún un.