Ẹ̀pà Tí Àjàní Kò Jẹ

Ní nǹkan bí ọdún 1957, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀pà lọ̀ bí Abọ́sẹ̀dé ní gbogbo Inísà. Yóò fi iyanrìn gbígbóná yan án, yóò fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, yóò sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná tí òróró rẹ̀ yóò máa dán. Àwọn ìyá wa ti ń lọ̀ ọ́ sọ́bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ búrẹ́dì. Nígbà tí ìyàwó tíṣà kan ní Ìkìrun fi irú rẹ̀ hàn án nínú agolo tó ti òkè òkun wá, ẹ̀rín ló rín. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé tirẹ̀ lọ tà fún un.

Obìnrin náà ń po ẹ̀pà mọ́ ògì Olúsọjí ọmọ rẹ̀. Ẹnu ya Abọ́sẹ̀dé.

"Ìyá Olúsọjí, ohun tó dùn tó báyìí! Ẹ ò bẹ̀rù kó dolè lọ́la?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn: ọmọ tó bá ti kékeré mọ adùn, yóò jalè lọ́jọ́ tí kò bá rí i. Nítorí náà, nígbà tó já Àjàní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lẹ́nu ọmú, ògì lásán láàárọ̀, ẹ̀kọ lásán lálẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ki ọwọ́ bọ igbá ẹ̀pà, ó gbá a lọ́wọ́: "Olè!" Àjàní kò tún nawọ́ sí i mọ́. Ọmọ tó gbọ́ràn ni.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àjàní kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, irun rẹ̀ pọ́n. Àwọn ará àdúgbò ní, "Ọmọ yìí mà sanra o!" Inú ìyá rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tí ọmọ kò lè dìde mọ́ ló tó pọ̀n ọ́n, ó ru igbá ẹ̀pà ìyàwó tíṣà, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, ó sì kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ojú ibẹ̀ jin wọnú, kò sì tètè kún padà.

"Ìyá ọmọ, èyí kì í ṣe sísanra. Kí lẹ ń pò mọ́ ògì rẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Ẹ máa po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń mú ara ọmọ dàgbà wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ lè rí i?"

Abọ́sẹ̀dé ṣí igbá, ó mú díẹ̀, ó fi kan ètè ọmọ rẹ̀. Àjàní wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Kò gbé e mì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sin ín.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọdún gorí ọdún, ọjà Òkukù ló ti wá ń ta ẹ̀pà. Bí ọmọ kan bá ki ọwọ́ bọ igbá rẹ̀ tí ìyá ọmọ fẹ́ nà án, yóò pariwo pé, "Ẹ má nà án o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́!" Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá fòyà, tó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, ẹkún ni Abọ́sẹ̀dé ń sun lójú ọjà.