Irin Inú Omi Láàbù

Òdo ni olùkọ́ kẹ́mísírì fún ọmọ mi obìnrin nínú ìbéèrè kejì, ó sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni. Irọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá fọ́ ife, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá sọ.

Ìdánwò àṣewò ni. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ilé-ìwé ò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún kẹ́mísírì nínú ìdánwò àṣejáde, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yẹn.

Mo ní kó sọ ohun tó rí fún mi létòlétò.

Ó ní wọ́n fún àwọn ní iyọ̀ kan láì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbà ni. Àwọn fi omi ẹ̀rọ láàbù yọ́ ọ, àwọn sì ń kán àmóníà sí i. Nígbà tí àmóníà ṣì kéré, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ sánmà yọ. Nígbà tó pọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà yọ́, gbogbo rẹ̀ di aró, torí àmóníà ti rọ̀gbà yí bàbà ká, ó sì mú un wọnú omi.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, nǹkan pupa kan kù nísàlẹ̀ túùbù, bí irin tó dógùn-ún. Kò yọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ohun tí wọ́n há sórí ni wọ́n kọ."

Mo mọ pupa yẹn. Kò sẹ́ni tó ń gbé lágbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n. Omi bọhóòlù, títí kan ti ẹ̀rọ láàbù wọn, á jáde, á mọ́ gaara. Kó tó di ọ̀sán, ó ti pọ́n nínú báàfù. Irin ni. Àmóníà kì í sì í gbá irin mọ́ra bó ṣe ń gbá bàbà.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi omi inú ọ̀rá po tíì sínú fíláàsì, mo gbé e lọ sí láàbù wọn. Mo bu tíì sínú ife méjì níwájú olùkọ́ náà. Mo fi omi ọ̀rá la ọ̀kan, mo fi omi ẹ̀rọ rẹ̀ la èkejì. Èkejì di dúdú bíi yíǹkì, bí irin ṣe máa ń sọ tíì.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin náà ka kẹ́mísírì ni?"

"Mo kà á dé SS3. Ojú pátákó ni mo ti kà á. Ìwọ tó o ní túùbù ńkọ́?"

Ìyá tó ń gbálẹ̀ láàbù bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ̀yin náà kì í kúkú mu omi yẹn. Omi ọ̀rá lẹ máa ń rán mi!"

Ọkùnrin náà wo ife, ó wò mí. "Tí mo bá gbà fún un, àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù ńkọ́? Ìkankan nínú wọn ò kọ pupa."

"Bi wọ́n bóyá wọ́n wo túùbù."

Ó fa ìlà sórí irọ́, ó fún un ní máàkì rẹ̀, ó kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Tó bá di ìdánwò gidi, ẹ ní kó má kọ ọ́. Àwọn tó ń máàkì ò mọ omi wa."

Ìyẹn ló bí mi nínú jù, torí òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo jíṣẹ́ náà nílé, ọmọ mi ní, "Tí mo bá tún rí i ńkọ́?" Mi ò lè ní kó purọ́, mi ò sì lè ní kó fi ọjọ́ iwájú rẹ̀ tàfàlà.

Nígbà tí ìdánwò gidi ku ọ̀la, mo lọ bá ẹni tó ń ṣáàjì bátìrì ní ọjà Agbalata. Mo ra jálá kan omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò, èyí tí kò ní irin, tí kò ní ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ara ike náà kí wọ́n má baà gbé ásíìdì fún mi. Láàárọ̀, mo gbé e ka orí tábìlì olùkọ́.

"Òun ni kí gbogbo wọn lò. Gbogbo wọn."

Ó dúpẹ́. Mo dúró lójú fèrèsé títí mo fi rí i tó da omi ẹ̀rọ tó ti pọ́n nù sí gọ́tà.