Ẹni Tó Ń Pọnmi sí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Obìnrin

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn ọjà wa ní Kábbà kò ní omi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó mọ́ ní láti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ibi kànga ẹ̀rọ tó wà nítòsí ibùdókọ̀, kó gbé e sórí, kó sọdá títì, kó sì tún máa yẹra fún àwọn ọlọ́kadà tí kì í wo iwájú. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Ti àwọn ọkùnrin, mi ò ní sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo yọjú síbẹ̀. Ti àwọn obìnrin ni àwọn ìyá wa fọwọ́ mú. Wọ́n pín ọjọ́ omi láàárín ara wọn, ẹni tí ọjọ́ bá kàn ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, òun ni wọ́n sì máa ń kí bí ẹni ń kí ẹni tó gbà wọ́n lálejò: "Okun o, onílé." Ẹni tó bá pa ọjọ́ omi rẹ̀ jẹ kò gbọdọ̀ bínú bí wọ́n bá ní kó dúró síta dìgbà tí àwọn tó pọnmi bá wọlé tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí n tó ti Lọ́kọ́ja padà wálé wá ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ìyá mi ni olórí wọn; Iye, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, ni gbogbo ọjà ń pè é.

Ẹni tó ń pọnmi jù nínú gbogbo wọn ni aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ìsọ̀ tí ìyá mi ti ń ta ẹ̀gúsí. Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo ọjà ń pè é. Ọmọkùnrin ni wọ́n bí i sí Ìyàmoyè, orúkọ ọkùnrin ni bàbá rẹ̀ sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń sọ fún wọn pé obìnrin ni òun. Wọ́n nà án títí ọwọ́ fi ro wọ́n. Nígbà tó dàgbà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ìlọrin, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Kábbà, ìró àti bùbá ló sì wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọjà sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, ọdún Àjíǹde dé, gbogbo èèyàn ń fẹ́ aṣọ tuntun, àwọn télọ̀ yòókù ń sọ fún wọn pé "wá lọ́la, wá lọ́túnla," Àǹtí Télọ̀ nìkan ló ń kó aṣọ oníbàárà jáde lọ́jọ́ tó dá fún wọn. Bó ṣe di tiwa nìyẹn. Àwọn obìnrin a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì máa dá a padà fún wọn kíákíá: "Ìdí yín tún ti fẹ̀ ju tọdún tó kọjá lọ. Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ, nípa iyán alẹ́ yìí?" Ẹ̀rín á gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń pín ọjọ́ omi, wọ́n pín tirẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó wà lábẹ́ ìró rẹ̀. Bí ara ọmọ ẹnì kan kò bá yá, tí ẹni náà kò lè wá sọ́jà, Àǹtí Télọ̀ ló máa ń bá a pọn tirẹ̀.

Orúnkún ìyá mi sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Ó lè jókòó, ó lè rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá lóṣòó, kò lè dá dìde mọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa sì jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń lóṣòó sí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a wọlé, kó di apá rẹ̀ mú, kó tún fà á dìde. Ìyá mi kọ́ ni obìnrin tó máa jẹ́ kí ọjà gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Òun tó ń bá wọn parí ìjà, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran láì dìde! Àǹtí Télọ̀ ló ṣàkíyèsí rẹ̀, òun ló sì dá ọgbọ́n tí wọ́n ń ta. Bí ìtọ̀ bá ti ń gbọ̀n ìyá mi, á ké sí i láti ìdí ìsọ̀ rẹ̀: "Wá wọ̀n mí!" Àǹtí Télọ̀ á dìde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, àwọn méjèèjì á sì gba ẹ̀yìn ọjà lọ, bí ẹni tó fẹ́ lọ wọn aṣọ níbi tí kò sí ojú ọkùnrin. Gbogbo ọjà gbà pé aṣọ ìyá mi kò lóǹkà. "Kái, Iye yìí mà fẹ́ràn aṣọ o!" ni aláta ẹ̀gbẹ́ wa máa ń wí. Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ náà máa ń mú un lọ ní Sátidé tí kò sí iṣẹ́ ilé ìwé. Ọjọ́ yòókù, Àǹtí Télọ̀ ni.

Rédíò ló dá wàhálà sílẹ̀. Ètò kan wà láàárọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ìròyìn ayé lédè wa, tí àwọn olùgbọ́ á sì máa pè wọlé. Ìsinmi ilé ìwé ni, mo wà ní ìsọ̀ ìyá mi. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń bá ara wọn fà á lórí ẹni tó yẹ kó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin, pé àwọn tí wọ́n bí lọ́kùnrin àmọ́ tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ẹjọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Télọ̀ pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, kí ni wọ́n tún ń jà sí?" Àfi bí ọkùnrin kan ṣe pè sórí rédíò, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ rìn jìnnà dé òkè òkun, ọ̀kan wà nínú ọjà Kábbà tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ìyàwó wa wà lọ́rùn rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Àǹtí Télọ̀ tẹ orí ba, ó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀, aṣọ kankan kò sì sí lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun tí wọ́n ti ń rí lójoojúmọ́ di ohun tí ojú wọn kò rí rí. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí Wọ́sáàpù, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Inú ń bí mi gidigidi. Alága ìgbìmọ̀ ọjà, ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò.

Obìnrin ẹlẹ́ja kan ló kọ́kọ́ dìde. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti inú rẹ̀ wá. "Mi ò kórìíra rẹ̀ o," ó wí. "Òun ló rán aṣọ tí àkọ́bí mi wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àmọ́ ọmọbìnrin ni gbogbo ọmọ mi. Bí a bá ní kí òun máa wọlé, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọkùnrin mìíràn tó bá lọ́ ìró mọ́dìí lọ́la?"

"Ìyá, ta ló ń sọ ọkùnrin mìíràn?" ni mo wí. "Ẹni tí ẹ mọ̀ ni à ń sọ. Kí ló ṣe yín láti gbogbo ìgbà tó ti ń pọnmi fún yín? Òun nìkan ló dá yàtọ̀ láàárín wa. Ṣé nítorí pé òun nìkan ni ni kò fi ní ẹ̀tọ́ láti tọ̀?" Ohùn mi ti ga kí n tó mọ̀. Alága ní, "Tíṣà, ibí kì í ṣe kíláàsì o." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ mi sì bá ẹ̀rín náà lọ.

Alága ní kó kúkú máa lọ sí ti ọkùnrin. Àǹtí Télọ̀ dìde. Kò bínú rárá. "Mo lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé," ó wí. "Wọ́n fa bùbá mi ya. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá." Alága wúkọ́, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà náà ni Àǹtí Télọ̀ yíjú sí ìyá mi. "Iye, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ mí."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Bí ìyá mi bá sọ pé, "Òun ló ń mú èmi lọ, òun ló ń gbé mi dìde, n kò sì rí ibi kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí," kò sí obìnrin tó máa jiyàn níwájú rẹ̀, alága fúnra rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi tẹjú mọ́ orúnkún ara rẹ̀. "Ohun tí ọjà bá fẹnu kò lé lórí náà ni," ó wí.

Àǹtí Télọ̀ bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lọ́rùn, ó ní láti tú u kúrò lára téèpù rẹ̀ tó lọ́ mọ́ ọn, ó sì gbé e lé ìyá mi lẹ́sẹ̀. "Okun o, onílé," ó wí, ó sì padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo bi ìyá mi pé kí ló dé. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n sọ fún oní-sìmẹ́ǹtì yẹn pé ńṣe ni wọ́n ń dì mí mú kí n tó lè tọ̀ ni?" Mo lọ dá iná.

Láti ìgbà yẹn ni Àǹtí Télọ̀ kò mu omi lọ́jà mọ́. Ó máa ń ra omi ọ̀rá bíi ti tẹ́lẹ̀, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, oòrùn á sì máa pa á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní já a, kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi gbàgbé. Ẹnu tó ti mọ́ ọn lára ló fi ké sí i: "Wá wọ̀n mí!" Àǹtí Télọ̀ ti dìde, ó ti gbé téèpù sọ́rùn, kó tó rántí. Ó rọra jókòó padà. "Iye, ẹ má bínú," ó wí sókè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, "ibi tí mo ti ń wọ̀n yín, wọ́n ti ní kí n má débẹ̀ mọ́." Títí dé ibẹ̀ yẹn, kò tú àṣírí ìyá mi. Aláta ẹ̀gbẹ́ wa tiẹ̀ ní kí ìyá mi jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n níbi tó jókòó sí, ṣebí kì í ṣe ọmọge.

Kò pẹ́ tí àìsàn mú Àǹtí Télọ̀. Ìtọ̀ ń ta á, ẹ̀yìn ń dùn ún, wọ́n sì sọ fún un ní ọsibítù pé kó máa mu omi dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́ fún mi, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Lópin oṣù náà, ó wá ọkọ̀ kan, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní Lọ́kọ́ja ló wà, àwọn kan ní Àbújá. Nọ́ńbà rẹ̀ tí mo ní kò lọ mọ́. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì máa ń tán kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni pọn ọjọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti gbàgbé ẹni tó ń ṣe é. Ó dùn mí pé wọ́n gbàgbé. Ó dùn mí ju pé wọ́n lé e lọ.

Ìyá mi kò gbàgbé. Mo sọ fún un pé kí n bá ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀, obìnrin dáadáa ni, á máa dì í mú. Ó kọ̀. Ọyẹ́ ti dé báyìí, ètè rẹ̀ ti là, ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran ti há. Láàárọ̀ òní, kó tó jáde lọ sọ́jà, mo bu omi fún un, mo dúró tì í, mo ní mi ò ní kúrò títí yóò fi mu ún. Ó gba ife náà, ó wò ó, ó sì gbé e padà lé mi lọ́wọ́ láìfẹnu kàn án.

"Bí mo bá mu ún," ó wí, "ta ni yóò wọ̀n mí?"