Ẹran Ara Ẹ̀gbọ́n Nínú Ìda

Ọlọ́wọ́-ẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ẹran ara ènìyàn í gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó o. Ohun tí dókítà bá yọ lára aláìsàn, òun ni yóò fi ìda dì í, òun ni yóò gé e, òun náà ni yóò kọ nọ́ńbà sí i lára.

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, òun ni wọ́n fi tì í. Ẹ̀rọ náà ń ta ìtànṣán kan tí ojú kì í rí. Bó bá gba inú ẹran kọjá, á fa ìlà sójú kọ̀ǹpútà, ìlà náà ni yóò sì sọ ibi tí jẹjẹrẹ sá pa mọ́ sí. Àmọ́ omi ni ọ̀tá rẹ̀. Omi inú ẹran tútù a máa mu ìtànṣán náà gbẹ, gbogbo ìlà á wá dàrú. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá wọn fi ń wá ojútùú sí i, kí Ọlọ́wọ́-ẹ̀lẹ̀ tó dá a lábàá pé kí wọ́n gbé àwọn ẹran àtijọ́ inú ìda wá, nítorí omi ti tán lára wọn. Ìlà bá mọ́ kedere.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló fa nọ́ńbà kan yọ nínú àpótí, ó sì dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ín, ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú pa lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe èkejì, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Láàárín ẹran náà, ìlà dára. Létí ẹran náà, ó já wálẹ̀ bíi ti gbogbo ẹni tí àìsàn náà ń bá jà.

Ó rántí pé òun ń kánjú lọ́jọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ náà. Àárín nìkan lòun gé fún dókítà.

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ bá ti ń kùn, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbọ́, bó ṣe bi í lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò: "Àbúrò mi, kí ni wọ́n rí?"

Ọ̀gá ní bí gbogbo wọn ṣe ń gé e nígbà náà nìyẹn. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ọlọ́wọ́-ẹ̀lẹ̀ lọ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún ìyá wọn.

"Ìwọ kọ́ lo pa á," ni ìyá wí.

Ṣùgbọ́n ìyá ò jẹ́ kó bá wọn gé èékánná mọ́, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ tọ́ka ibi tí wọ́n máa gé. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n ti tètè rí jẹjẹrẹ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn mú àbúrò rẹ̀ dání wá dúpẹ́. Ọlọ́wọ́-ẹ̀lẹ̀ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè jáde, títí ohùn àwọn méjèèjì fi jìnnà.