Bí Ajẹrin Ṣe Wọ Ìwé Ilé-iṣẹ́ Omi

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi ń bọ̀ o!

Kó máa bọ̀, etí wa ti ṣí sílẹ̀!

Ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ọba. Orí àbúrò ìyá mi obìnrin ló bà lé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Etí-kì-í-parọ́ ní ilé-iṣẹ́ omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi òòlù kékeré lu páìpù àti táǹkì. Irin tó le a dún goro. Èyí tó ń ṣàìsàn a dún bí àgbàlagbà tó ń wúkọ́.

Táǹkì ńlá kan wà lórí ilé ìgbẹ̀bí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà funfun, ó ń dán bí ojú ìyàwó. Àǹtí mi lù ú, táǹkì wúkọ́. Àǹtí ní kí wọ́n tú omi rẹ̀ dànù, nǹkan ń jẹ ẹ́ nínú. Ọ̀gá ní ìpáàrà nìkan ni ìwé àyẹ̀wò mọ̀, ìpáàrà sì máa ń pupa: pupa rẹ̀ dà? Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ìyá lọ fọ etí.

“Ọ̀gá, ikán kì í fọn fèrè kó tó jẹ òpó ilé. Àwọn abiyamọ ló ń sùn lábẹ́ ibẹ̀.”

“Tá a bá tú u tá ò rí nǹkan, ilé lẹ̀ ń lọ o, Màmá.”

“Mo gbà.”

Omi gbẹ. Àǹtí mi mú tọ́ọ̀ṣì àti ìṣó, ó wọ inú rẹ̀, ọ̀gá tẹ̀ lé e. Ihò wẹ́wẹ́ kún ara irin bí àgbàdo tí kòkòrò jẹ. Àǹtí ki ìṣó bọ ọ̀kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán tì í, ẹnu ìṣó sì yọ síta láàárín ọ̀dà funfun. Ẹ̀fẹ̀ tán nílẹ̀.

Wọ́n kó àwọn abiyamọ kúrò, wọ́n sì pe olùkọ́ obìnrin kan tó mọ ìmọ̀ irin. Ó bi àǹtí mi pé kí ló ń pe nǹkan ọ̀hún.

“Ajẹrin ni. Ìpáàrà a máa bo irin bí aṣọ. Ajẹrin a máa fi eyín gbẹ́ ẹ.”

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Ó ní ọ̀rọ̀ táwọn onímọ̀ òkè òkun ń lò fún irin tó ń bàjẹ́, inú èdè àtijọ́ kan tí ìyá ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́ ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ sì ni kí eyín máa jẹ nǹkan run. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó mọ ohun tí omi, afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ ń ṣe sí irin. Eyín ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Ajẹrin sínú ìwé àyẹ̀wò, lábẹ́ ìpáàrà. Àǹtí mi kò mọ̀wé, ó ní kó kà á sókè. Ọ̀gá kà á. Àǹtí ní kó tún un kà, káwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Ó tó, ẹ̀yin ọmọ. Oorun ti wọ̀ yín lójú, ẹ dìde, ẹ lọ sùn.